Mo Tọ́ Ọ Wò Kí N Tó Gbé E fún Bàbá

Òógùn tútù ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Kì í ṣe òógùn Warri tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ooru ń fà, tí ènìyàn á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù kúrò, tí á sì máa bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ. Eléyìí tutù. Ẹ̀yìn ọrùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba àárín ẹ̀yìn mi sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń da omi inú àmù sí mi lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ebi kan báyìí á gbé mi dìde, ebi tí kò ní sùúrù rárá. Bí mi ò bá tètè rí nǹkan fi sẹ́nu, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa sọ fún mi.

Mo rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Akọ̀wé ni mí nígbà náà, ní ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Warri. Mi ò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ, Abẹ́òkúta ni mo ti bá a wá sí Effurun, lẹ́bàá Warri. Mo ka ara mi sí ọ̀làjú obìnrin. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ní bàtà gíga méjì, mo sì ti kọ́ Pidgin tó láti fi bá oníkẹ̀kẹ́ jà. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ́fíìsì, mo sì ń bẹ ọ̀gá wa, ọkùnrin Ìtsẹkírì kan tó bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ gidigidi, pé kó jọ̀ọ́ kó wá bá mi dirun. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu géètì ló sáré wọlé, tó wo ojú mi, tó ní, "No be craze o. Na hunger dey her eye," tó sì rọ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sí mi lẹ́nu. Kò pẹ́ tí mo fi lajú. Mo rí bàtà mi lórí tábìlì ọ̀gá, mo sì rí ọ̀gá fúnra rẹ̀ tó ń wo bàtà náà.

Mo ní àárẹ̀ ni. Ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà, oníkẹ̀kẹ́ náà ló sì gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó wà nítòsí ilé wa. Nọ́ọ̀sì gún ìka mi, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó sì gún ìka mìíràn nítorí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára mi. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, obìnrin Urhobo kan tí kì í pariwo, bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ṣé mo ní àtọ̀gbẹ? Rárá. Ṣé mo ń mu ọtí? Rárá. Ṣé mo ń gba ààwẹ̀? Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "You dey take any medicine? Tablet, agbo, anything?" Mo ní rárá. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀lú bí mo ṣe dáhùn, nítorí mi ò ṣàìsàn kankan, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?

Ó yẹ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Bàbá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wa. Ará Ìjẹ̀bú ni Bàbá, ó ti ta ìṣó àti páànù ní Warri fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ìyàwó rẹ̀ ti kú, àtọ̀gbẹ sì ti dá egbò sí i lẹ́sẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Bó bá fẹ́ bú ènìyàn, Pidgin ló fi ń bú u. Bó bá fẹ́ ṣàdúrà, Ìjẹ̀bú ni. Tí ọkọ mi bá wà nílé, òun ló ń tọ́jú bàbá rẹ̀. Tí kò bá sí, èmi ni.

Ìyá mi ti kì mí nílọ̀ kí n tó kúrò nílé. Ó ní, "Ilé ọkọ lò ń lọ, bàbá àgbà sì wà níbẹ̀. Ohunkóhun tí o bá gbé síwájú rẹ̀, kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí inú bá run ún, kò ní sẹ́ni tó máa wo ìhà ọ̀dọ̀ rẹ." Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Ẹni tó bu omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá máa wọ ẹnu Bàbá, ẹnu mi ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá. Mo sì máa ń wo ojú rẹ̀ bí mo bá ń ṣe é, nítorí àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mo rò pé mo ń rí lójú Bàbá ni pé kò fọkàn tán mi.

Àìsàn náà kò lọ. Ohun tó tún wá yani lẹ́nu ni pé ìgbà tí ọkọ mi bá wà lórí òkun nìkan ló ń gbé mi ṣubú. Tó bá ti dé, ara mi á le kokooko fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ti padà, kò ní ju ọjọ́ kejì lọ, òógùn tútù náà á ti dé. Àwọn obìnrin ọ́fíìsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àárò ọkọ ló ń ṣe mí. Àwọn ará ìjọ wa kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní tiwọn. Wọ́n ní ọkọ ọ̀run ló ń jowú, wọ́n sì ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n máa bọ̀ ní ilé àdúrà láàárọ̀. Èmi ọ̀làjú obìnrin gbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ náà, kò tíì tó aago mẹ́wàá tí mo fi dákú síwájú pẹpẹ. Wọ́n ní mo ń gbọ̀n, etí mi kò sì gbọ́ ohunkóhun. Àwọn tó yí mi ká sì gbé orin sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀mí náà ló ń jáde. Orin mẹ́ta ni wọ́n kọ lé mi lórí. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn wà láàárín àwọn akọrin, Ọlọ́run ló ṣe é. Ó já ara rẹ̀ gbà wọlé sáàárín wọn, ó ní kí wọ́n gbé mi kí wọ́n tó pa mí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn orin mẹ́ta yẹn, èmi kì í bá wọn gbè é.

Kí dókítà tó fa omi ṣúgà sí mi lára lọ́jọ́ náà, ó kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò méjì, ó ní ìdáhùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà nígbà tí nǹkan náà ń ṣe mí lọ́wọ́. Èsì ìgò kìíní dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi àti ọkọ mi pé ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tó ń tú omi kan jáde, omi náà ló ń lé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tèmi sì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ó ṣeé ṣe kí kókó kékeré kan ti hù síbẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, iṣẹ́ abẹ ni. Ìgò kejì ti lọ sí ibi tó jìnnà, èsì rẹ̀ máa pẹ́.

Wọ́n fi wá ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Benin. Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀, wọ́n fi omi lásán sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n lè rí i bí ṣúgà náà ṣe máa lọ sílẹ̀. Kò lọ. Mo kàn ń pa ebi mọ́ra bí gbogbo ènìyàn ni. Dókítà ibẹ̀ gbọn orí, ó ní kókó mìíràn máa ń fara pa mọ́, wọ́n sì yan ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ náà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, mi ò tíì bímọ, wọ́n sì fẹ́ la inú mi láti wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún ìyá mi, mo fi í sínú Bíbélì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí wọ́n là mí tí dókítà Effurun pè wá lórí fóònù pé ká máa bọ̀. Èsì ìgò kejì ti dé. Ó fi bébà náà sórí tábìlì, kò fi hàn wá. Ó bi ọkọ mi pé, "Who dey use sugar medicine for una house?"

Ọkọ mi ní, "My papa."

Dókítà ní, "That medicine dey your wife blood. No be growth. Na tablet." Ó fi ìka tẹ bébà náà. "Na two things e fit be. Na she dey swallow am, or person dey give am."

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Mo rí i bí ọkọ mi ṣe ń ṣírò rẹ̀ lójú mi: kì í ṣẹlẹ̀ bí òun bá wà nílé, bí òun bá sì ti lọ, àwa méjì ló ń kù, èmi àti Bàbá. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé ìwọ lò ó?" Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ìdáhùn. Ó dìde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní, "Bàbá mi fẹ́ pa ọ́," ó sì jáde. Mo gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe fi agídí kúrò nínú ọgbà. Èmi ṣì jókòó.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fún Bàbá ní oògùn. Ọkọ mi ti fi iye rẹ̀ hàn mí: méjì láàárọ̀. Mo kó wọn sínú àwo kékeré, mo gbé omi tì í, mo kúnlẹ̀. Bàbá gba àwo náà, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó wá gbé ojú sókè wò mí. Kò gbé oògùn náà sẹ́nu. Ó tún wo àwo, ó tún wò mí. Ara mi gbóná. Ọ̀rọ̀ ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn. Mo mú ọ̀kan nínú méjèèjì, mo fi omi gbé e mì lójú rẹ̀, mo sì lọ mú òmíràn wá rọ́pò. Bàbá wá mi orí, ó sì lo tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí mo bá gbé ọ̀kan mì tán ni òun máa ń gbé tirẹ̀ mì. Yóò kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, yóò sì máa dúró dè mí. Mo wá ń lọ ra oògùn kún oògùn kí ọkọ mi má baà mọ̀ pé ó ń tètè tán, nítorí ìyàwó ilé gidi kì í lọ sọ fún ọkọ pé bàbá rẹ rò pé màá fún òun ní májèlé jẹ.

Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé oògùn ni mò ń lò. Ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò, a kì í sọ pé ó ti jẹun. Mo sì gbà pé oògùn tí kò bá bá àrùn nílé yóò kàn kọjá lọ ni. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí.

Mo sọ ọ́ fún dókítà náà. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "You swallow am? Every morning wey your husband no dey?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní oògùn náà kì í béèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé e mì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó wá ní, "Go house. Go now, before your husband do wetin he no fit repair."

Ìrìn tí kò tó ìdajì wákàtí, ojú mi ló ṣe bí ọdún. Oníkẹ̀kẹ́ ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tèmi tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti dákẹ́ débi pé ara ẹlòmíràn ló fẹ́ gbà á.

Nígbà tí mo wọlé, oògùn Bàbá ti fọ́n káàkiri ilẹ̀ pálọ̀. Bàbá dúró, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ó di ẹ̀yìn àga mú pẹ̀lú èkejì. Ọkọ mi, tí kì í wo bàbá rẹ̀ lójú sọ̀rọ̀, ń bi í pé, "Kí ni ọmọbìnrin yìí fi ṣe yín?" Bàbá kàn ń wò ó bí ẹni tó ń gbọ́ èdè tí kò gbọ́ rí. Mo wólẹ̀ sáàárín wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Bàbá ní, "Ta ló sọ fún ọ pé mo fura sí ọ?"

Mo ní, "Ẹ wo oògùn náà, Bàbá, ẹ sì wò mí. Ẹ kò gbé e mì."

"Mi ò rí i ni," ó ní. "Àwo yẹn funfun, oògùn yẹn funfun, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀kan ni àbí méjì. Mò ń retí kí o sọ iye rẹ̀ fún mi, ojú sì ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ ọmọdé. O wá gbé ọ̀kan mì. Mo ní ó dáa, òun náà ń lo tirẹ̀, kí àrùn yìí má baà mú un." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé mi ò sọ fún ọ lórí fóònù pé ìyàwó rẹ ní làákàyè jù ọ́ lọ? Pé ó ń tọ́jú ara rẹ̀? Mo máa ń dúró dè é láàárọ̀ ká lè jọ lò ó."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí oògùn tó fọ́n sílẹ̀. Ní tèmi, mi ò lè sunkún. Wọ́n ti fẹ́ la inú mi nítorí ohun tí mo rò pé mo kà lójú àgbàlagbà kan tí kò ríran.

Wọ́n fagi lé iṣẹ́ abẹ náà. Òógùn tútù yẹn kò sì wá mọ́, kò wá rí mọ́ títí di òní. Bàbá dárí ji ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tèmi ló pẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ ju "o ṣeun" lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó pè mí, ó ní, "Oṣù mẹ́jọ, Ìyàwó. Oṣù mẹ́jọ lo fi ń kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí o rò pé ó ń pè ọ́ ní apànìyàn. Báwo lo ṣe ń sùn nínú ilé yìí?" Ìtìjú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà dùn mí ju gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ní Benin lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn la ra awò ojú fún un, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ka oògùn rẹ̀ láti ìgbà náà, á kà á sókè kí n lè gbọ́: ọ̀kan, èjì.

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti bí ọmọ méjì, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, Pidgin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Dókítà náà ṣì wà ní Effurun, ó sì ti yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Kì í béèrè lọ́wọ́ aláìsàn mọ́ bóyá ó ń lo oògùn. Ó máa ń ní kó sọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu rẹ̀ láti òwúrọ̀, títí kan èyí tó kàn tọ́ wò. Ó sọ fún mi pé èmi ni mo kọ́ òun, mo sì rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá kú ní ọdún tó kọjá, nínú oorun, kò jẹ̀rora. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kò lè gbé ọwọ́ mọ́, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu. Àṣà kì í tètè kúrò lára. Mo bu ti àkọ́kọ́, mo sì ń gbé e lọ sí ẹnu ara mi kí n lè tọ́ ọ wò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo gbé ojú sókè. Bàbá ti la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró de ṣíbí náà.